Katakata àti Ìṣísẹ̀ Bàbá Kúkúrú

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, kì í pariwo. Bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á rọra tún ìró rẹ̀ ró, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un wò." Nígbà tí ọ̀rọ̀ katakata bẹ̀rẹ̀ nílé wa, mo gbọ́ "ẹ jẹ́ ká tún un wò" yẹn tó ìgbà ogún, ó sì ń bí ọkọ mi nínú. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yẹn ni, igi ọsàn mẹ́tàdínlógún ni à bá ti fi àáké gé lulẹ̀.

Apá méjì ni oko wa. Apá òkè ni ọgbà ọsàn tí bàbá ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kó tó kú. Apá ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ gbalasa tí a ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí. Kò sí ọ̀nà mìíràn dé ìsàlẹ̀ àfi àárín igi ọsàn, torí òkúta ńlá wà lọ́tùn-ún, odò sì wà lósì. Ọkọ́ ni a fi ń ro gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni orúnkún Màámi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́, kí a ra katakata tiwa tí á máa bá wa túlẹ̀.

Màámi gbà. Ohun kan ṣoṣo ló sọ.

"Èyí tí a bá rà gbọ́dọ̀ gba àárín igi kọjá. Mi ò ní gé igi kankan."

Gbogbo wa mọ igi tó ń sọ. Ìlà igi mẹ́tàdínlógún tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn ni bàbá gbìn kẹ́yìn, nígbà tí àìsàn ti mú un, tó ń jókòó sinmi láàárín igi kan sí èkejì. Ọdún tí à ń wá katakata yìí gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Màámi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a. Òun fúnra rẹ̀ ló ká a, ó sì pín in fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín oògùn.

Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí táyà rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ga débi pé Agùntáṣọọ́lò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó ti ń jókòó lókè báyẹn láti ọdún yìí wá, ohun kékeré kì í wọ̀ ọ́ lójú mọ́. Katakata ńlá ló fẹ́.

"Ìṣísẹ̀ méje ni igi kan sí èkejì," ó wí. "Ẹ̀ka jẹ méjì lọ́tùn-ún, ó jẹ méjì lósì, ó ku mẹ́ta. Kí ni kò ní gba ìṣísẹ̀ mẹ́ta kọjá?"

Kò sí ẹni tó jiyàn. Ìṣísẹ̀ méje ni bàbá fi gbin gbogbo ọgbà yẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ọmọ ilé náà ní orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ́ wọn ní ìṣísẹ̀ méje.

Ní ọjọ́ tí a lọ, àwa mẹ́ta ni: ọkọ mi, Màámi àti èmi. Ibi tí wọ́n ti ń tà á jẹ́ àgbàlá ńlá, òrùlé páànù gíga bò ó, ó ń rùn fún ọ̀dà tuntun àti táyà tuntun. Wọ́n to àwọn katakata láti orí kékeré dé orí ńlá bí ọmọ ilé ìwé tó ń tò láàárọ̀. Olùtajà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ki kálàmù mẹ́ta bọ àpò àyà. Títí a fi kúrò níbẹ̀, mi ò rí i kó fi ọ̀kankan kọ nǹkan.

Ọkọ mi kò wo kékeré, kò wo àárín. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ọ̀gá mi, ẹ mọ ojúlówó!" ni olùtajà wí. "Agbára ẹṣin márùndínlọ́gọ́rin nìyẹn."

"Ẹṣin márùndínlọ́gọ́rin?" ni Màámi wí. "Koríko wo ni wọ́n máa jẹ?"

Olùtajà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Màámi ti dúró ní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan láàárín ìlà náà, tí agbára tirẹ̀ jẹ́ ẹṣin márùndínláàádọ́ta. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń wo epo, bóyá èèyàn lè dé ibẹ̀ láìtú nǹkan. Ó béèrè ìdí tí ihò èéfín ti ńlá fi nà sókè bí ọ̀pá àsíá, tí ti èyí sì gba ẹ̀gbẹ́ jáde nísàlẹ̀. Olùtajà ní bí oníkálukú ṣe ṣe é ni.

"Èyí tó nà sókè yẹn á sun ewé mi," ni Màámi wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó tọ́ka sí irin tó yọ lókè orí awakọ̀. Olùtajà ní bí katakata bá dojú dé, irin yẹn ni kò ní jẹ́ kó tẹ èèyàn pa, pé ó sì ṣeé ká sẹ́yìn bí a bá ń gba abẹ́ igi kọjá. Màámi ní kó ká a kí òun rí i. Ó ká a. Ó ní kó nà án padà. Ó nà án.

Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì.

"Ó gbóná."

"Oòrùn ni, Màmá."

"Abẹ́ páànù ni a wà. Oòrùn wo?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ nu ẹnu. "Mo tan án láàárọ̀, Màmá. Kí ẹ má baà dúró pẹ́."

"Ẹ ṣeun. A máa dúró. Ẹ jẹ́ kó tutù, mo fẹ́ rí bó ṣe ń jí. Èmi náà, bí mo bá ti jí tán, ta ló máa mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí?"

Mo ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin yìí fún ọdún mẹ́rìnlá, síbẹ̀ mo dúró, mo ń wò ó bí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀.

Ibi tí a ti ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kò lè jókòó. Ó dúró sí eteetí táyà ẹ̀yìn katakata ńlá lápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ẹsẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Ọ̀kan. Méjì. Ẹ̀kẹta gbé e kọjá táyà kejì.

"Ẹ wá wò ó!" ó kígbe. "Kò tó mẹ́ta! Ó gbà á, ó tún ṣẹ́ kù!"

Olùtajà sáré débẹ̀. "Ọ̀gá mi, oníbàárà kan ń bọ̀ wá wo èyí lọ́sàn-án yìí. Bí ẹ bá san díẹ̀ sílẹ̀ báyìí, tiyín ni. Ṣùgbọ́n a kì í dá owó padà o, ẹ má sọ pé n ò sọ."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká sanwó. Bí kò bá tiẹ̀ gbà á tán, ìlà igi kan ṣoṣo náà ni..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ojú Màámi ti yí padà. Mo rí i tó di etí àpò ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀.

"Ìṣísẹ̀ ta lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ìṣísẹ̀ mi, Màámi."

"Ta ló gbin igi?"

"Bàbá ni."

"Kí ni aráyé ń pe bàbá rẹ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó fọwọ́ bò ó. Bàbá Kúkúrú ni gbogbo ayé ń pè é. Nínú àwòrán ìgbéyàwó wọn tó wà ní pálọ̀, orí àpótí ni ọkọ ìyàwó dúró sí, síbẹ̀ èjìká Màámi ló ga mọ. Ọ̀dọ̀ Màámi ni ọkọ mi ti rí gíga. Ogójì ọdún ni ilé yẹn ti ń ka ìṣísẹ̀ méje, kò sì sí ẹni tó rántí pé ẹsẹ̀ ló ń ṣí i, pé ẹsẹ̀ sì ní ẹni tó ni ín.

Màámi gbé àpò rẹ̀ fún mi. Ó bọ́ bàtà.

"Òun máa ń ṣáájú, èmi á máa gbé èèkàn tẹ̀ lé e," ó wí. "Ibi tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ni mò ń gbé tèmi sí, kí n má baà tẹ ilẹ̀ tó ti tú. Ọgbà odindi la ṣe báyẹn."

Ó dúró sí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti dúró. Ó gbé ẹsẹ̀. Kì í ṣe ìrìn rẹ̀ ló rìn. Mo mọ ìrìn Màámi, ó gùn, ó lọ́ra. Èyí yára, ó kúrú, ó ń fì díẹ̀ sápá òsì, mo sì rí i tí ọkọ mi la ẹnu, torí ìrìn bàbá rẹ̀ ló rí. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó dúró. Táyà ṣì kù níwájú rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ọkọ mi rọra ní, "Màámi, ẹ má bínú. Orúnkún yín ló ń dùn yín. Ẹsẹ̀ yín kì í ṣí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Màámi wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un wò."

Ó ní kí olùtajà mú téèpù wá. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó padà, ó tún rìn ín, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé katakata tí wọ́n fún wa. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó fi ẹyọ kan lé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó padà sí ti àkọ́kọ́. Mo ṣí inú ìwé náà, mo fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ títí mo fi rí ìbú wọn. Ti ńlá jẹ́ mítà méjì àti ọgbọ̀n. Ti àárín jẹ́ mítà kan àti márùndínláàádọ́rin.

Olùtajà fúnra rẹ̀ ló mi orí. "Ọ̀gá mi, n ò fẹ́ ba ọjà ara mi jẹ́ o. Ṣùgbọ́n orúnkún tó ń dunni kì í dunni bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ yá wa ní téèpù," ni ọkọ mi wí. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Ọkùnrin náà ní kí ó fi nǹkan sílẹ̀. Ọkọ mi bọ́ fìlà rẹ̀ fún un. Fìlà yẹn kì í kúrò lórí rẹ̀ níta, àwa ará ilé nìkan la mọ apárí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bọ́ ọ, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

A délé, a kò wọlé, ọgbà ni a gbà lọ. Èmi di orí téèpù mú níbi tí ẹ̀ka igi kan parí sí, ọkọ mi fà á dé ibi tí ti igi kejì parí sí. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó pẹ́ kó tó dìde.

"Mélòó?" ni Màámi béèrè. Ó ti jókòó sórí òkúta, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Mítà kan àti àádọ́rùn-ún."

Sẹ̀ǹtímítà méjì péré ló fi yàtọ̀ sí ti ẹsẹ̀ Màámi. Ọkọ mi lọ wọn ibòmíràn. Ó wọn ibi mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ nínú koríko, tòun ti gíga rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin gan-an ni téèpù."

"Dìde, o ò ní fìlà, oòrùn á pa ọ́ lórí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la padà. Màámi tún fi ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì ti àárín. Ó ti tutù bí omi àmù. "Ẹ tan án," ó wí. Olùtajà yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dọ́gba, kò gbọ̀n, kò kérora. Màámi tẹ́tí sí i títí.

"Ó sùn dáadáa," ó wí. "Èyí ni ká rà."

Ọkọ mi gba fìlà rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ọkọ mi ló wà á. Ó ká irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi jíà tó lọ́ra jù wọ ọgbà. Màámi ló ṣáájú rẹ̀, láìwo ẹ̀yìn, ó ń fi ìrìn kúkúrú yẹn lọ láàárín igi, katakata pupa náà sì ń tẹ̀ lé e. Ewé ń fi ara nu ún lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹ̀ka kan tó ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ sí ilẹ̀ gbalasa, ọsàn kan ti já sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Ó mú un sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ní òjò tó tẹ̀ lé e, a fẹ́ fi ìlà kan kún ọgbà náà lápá òkè. Ọkọ mi ní kí Màámi kọ́ òun ní ìṣísẹ̀ bàbá. Ó gbìyànjú. Ó ká ara rẹ̀ jọ, ó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni tí ìró fún lẹ́sẹ̀. Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

"Dákun, fi í sílẹ̀," ó wí. "Ẹsẹ̀ tìẹ ni kó o fi gbin èyí. Bóyá katakata ńlá ni àwọn ọmọ rẹ máa fẹ́ rà."

Ó dúró, ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀, ó ń ka ọ̀kan dé méje, Màámi sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú èèkàn.

Mo mú pákó kékeré kan àti ọ̀dà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo kàn án mọ́ èèkàn àkọ́kọ́: ÌṢÍSẸ̀ MÉJE. TI AGÙNTÁṢỌỌ́LÒ NI.