Arúgbó Tó Ju Igbá Rẹ̀ Nù

Mojísọ́lá ò fẹ́ràn àwòrán tí Ọláníyọnu ọkọ rẹ̀ gbé kọ́ sí pálọ̀ wọn ní Redan lókè òkun, kò sì fi bò. Iṣẹ́ òyìnbó àtijọ́ ni, àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Arúgbó alákìísà kan, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì, ló ń ju igbá ìmumi rẹ̀ nù nítorí ó rí ọmọdé kan tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi mu létí odò, ó wá mọ̀ pé òun ò nílò igbá.

Kí Ọláníyọnu tó di ẹni tó ń kó ẹrù sínú bàálù ní College Park, olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni ní yunifásítì nílé. Àwòrán yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, Sister Rachael láti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá Mojísọ́lá gbàdúrà nílé. Ó wo ògiri, ó mirí.

"Mummy Praise, alágbe lẹ gbé kọ́ sínú house, ẹ wá ń bi God pé why sickness ò lọ?"

Bẹ́ẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti sọ Mojísọ́lá di ẹni tí kò lè ronú. Ó di àwòrán sínú àpò ìdọ̀tí, mọ́tò akólẹ̀ sì gbé e lọ.

Àìsàn ò lọ. Àwọn dókítà ní kò sí ohun tó kù tí àwọn lè ṣe, kí ó máa gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un sí pálọ̀, ó gbójú sókè, ìṣó lásán ló rí.

"Mojí, picture mi dà?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Bàbá Praise, ẹ jọ̀ọ́, mo ti jù ú sí trash. Wọ́n ní òun ló ń fa sickness yín."

Ọkùnrin náà pajú dé.

"Mo kàn fẹ́ rí i before I go ni."

Mojísọ́lá sunkún, ó kórìíra ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọláníyọnu béèrè omi. Ẹnu rẹ̀ ò lè fa straw mọ́, kọ́ọ̀bù ń kọlu eyín rẹ̀. Mojísọ́lá da omi sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu díẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ti tó, Mojí," ló wí. "Mo ti rí i."

Kò tún béèrè omi mọ́ títí tó fi lọ.