Ẹni Tó Sẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Bí obìnrin kan bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tún ń rán aṣọ jẹun, orúkọ wo ni aráyé ì bá tún fún un bí kò ṣe Àǹtí Abẹ́rẹ́? Inú òun náà dùn sí orúkọ yìí. Bí oníbàárà bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ adìyẹ wo ló tó gbé e mì?" Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lórí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń gé gíláàsì, débi pé bí maṣíìnì òkè bá ń ké, gíláàsì ìsàlẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì ni ọkọ náà. Búrẹ́dì rẹ̀ sì dáa, a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé pọ̀, ó ra ààrò ńlá kan láwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ló sì ṣe onídùúró fún un. Ó fọwọ́ sí i pé bí ọkọ òun ò bá rí owó san, òun á san án. Ìfẹ́ ló ń kọ̀wé lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọwọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n túká, gbèsè wó ilé búrẹ́dì mọ́ ọkùnrin náà lórí. Ó sá tọ kóòtù lọ. Kóòtù gbọn àpò rẹ̀ wò, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ìyẹ̀fun lọ. Adájọ́ bá kéde pé gbèsè ti bo ọkùnrin yìí mọ́lẹ̀, kò ní ohun tó lè fi san án, kí gbogbo olówó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ gbọ́, àánú ṣe é díẹ̀, ó sì rò pé ó parí síbẹ̀. Kò rántí pé bí ajigbèsè bá ti jókòó, onídùúró ṣì wà lórí ìdúró.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ já lù ú. Obìnrin kan tó ni ilé-ìwé ńlá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mọ̀mí Ilé-Ìwé, dúró níwájú dígí, ó ń wo yúnífọ́ọ̀mù tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ fẹ́ máa rán fún àwọn ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó lè bọ́ ènìyàn lọ́dún gbáko ni. Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi eyín di píìnì mú, ó ń ṣẹ́ etí apá aṣọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì wọlé, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Akọ̀wé lọ́yà ni mí. Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó oníbúrẹ́dì?"

"Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnì kankan."

"Ẹ má bínú, ìyàwó rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀gá mi ní kí n sọ fún yín pé tẹ́ ẹ ò bá wá rí wọn lórí gbèsè ààrò yẹn kí oṣù tó parí, kóòtù ló kù. Kóòtù ti dá ọkọ yín sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ṣe onídùúró."

Mọ̀mí Ilé-Ìwé yíjú padà. Ó ń wò wọ́n. Ojú ti Àǹtí Abẹ́rẹ́ bí ẹni tí ìró bọ́ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Ó yọ àwọn píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì mọ ohun tó máa sọ tí ẹnu ti sọ ọ́.

"Irọ́ ni. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan rí. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ mi níbẹ̀, òun ló kọ ọ́. Ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Ẹyin lohùn. Akọ̀wé tẹ orí ba, ó lọ. Mọ̀mí Ilé-Ìwé pòṣé. "Ẹ̀yin ọkùnrin ayé yìí! Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Iṣẹ́ yìí tìẹ ni." Àǹtí Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, àmọ́ ìgbà tó fẹ́ padà sídìí aṣọ, ó fi píìnì gún ara rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kọ́, gun àtẹ̀gùn wá lọ́sàn-án gangan. Kò kí ìyá rẹ̀.

"Màámi, àwọn ọlọ́pàá ránṣẹ́ pe Dádì. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó ta ààrò ló lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní ó ṣe ayédèrú ọwọ́ yín."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun lòun kọ ọ́, kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́." Ọmọ náà sún mọ́ ọn. "Màámi, ṣé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́?"

Ìyá ò lè wo ojú ọmọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ tó ti lọ tán. Ọmọ dúró, ó dúró títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Abẹ́rẹ́ wá ọkọ rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ilé búrẹ́dì ẹlòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń ru àpò ìyẹ̀fun. Irun orí rẹ̀ funfun, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ò sì mọ̀ bóyá ewú ni tàbí ìyẹ̀fun.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gba ohun tẹ́ ẹ ò ṣe?"

Ó sọ àpò kalẹ̀. "Kí n wá sọ kí ni? Kí n pe ìyá ọmọ mi lópùrọ́ níwájú ọlọ́pàá? Ilé ti lọ, ọkọ̀ ti lọ, orúkọ mi náà ti lọ. Tìẹ ṣì wà. Mo ní kí méjèèjì má bàjẹ́ pọ̀."

"Ẹ̀wọ̀n ńkọ́?"

"Àwọn ará ẹ̀wọ̀n náà ń jẹ búrẹ́dì." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ohun kan ló dùn mí. Wọ́n ní o ní mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìgbà wo ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí?"

Ì bá sàn kó gbá a létí. Àǹtí Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀.

"Dìde," ni ọkùnrin náà wí. "Aṣọ ẹ ń bàjẹ́."

Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ́fíìsì lọ́yà lọ. Àwọn ènìyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ọ̀gá, akọ̀wé ọjọ́sí sì wà nídìí tábìlì. Lọ́yà, obìnrin àgbàlagbà kan tó so awò ojú mọ́rùn, ní kó wọ yàrá inú. Ó ní rárá. Gbangba ló ti purọ́.

"Ọwọ́ mi ni, mà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yẹn ò jẹ̀bi nǹkan kan."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i. Lọ́yà gbé awò sójú. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti gbé gbèsè yẹn rù nìyẹn?"

"Orí mi ló wà tẹ́lẹ̀, mà."

Lọ́yà fa ìwé kan jáde. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jókòó, ká sọ bẹ́ ẹ ṣe máa san án."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni lọ́yà pe àwọn ọlọ́pàá, tí wọ́n sì fi oníbúrẹ́dì sílẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ta maṣíìnì rẹ̀ tó dára jù, ó sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàlàyé fún Mọ̀mí Ilé-Ìwé. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀. "Gbèsè ò bà mí lẹ́rù, àbúrò mi. O wo ojú mi, o purọ́, mo sì bá ẹ bú ọkùnrin ọlọ́kùnrin." Ó gbé iṣẹ́ náà fún aránṣọ mìíràn. Nọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ gbọ́ ọ, kò bú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tó sì wá, ńṣe ló kí i bí ẹni tó ń kí ìyá ẹlòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ àtijọ́ gun àtẹ̀gùn wá, ó mú ṣòkòtò tó ya lórúnkún dání. Àǹtí Abẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ fún un. Ọkùnrin náà ń wo àyè ibi tí maṣíìnì tó tà wà tẹ́lẹ̀.

"Èló ni?"

"Ẹ máa mú un lọ."

"Èló ni?"

Ó dá iye kan. Ọkùnrin náà kà á sórí tábìlì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ abíyá. "Gbowó ẹ," ni ó wí. "Ìwọ ni gbèsè wà lọ́rùn ẹ."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ gba owó náà. Kò lè gbójú sókè títí tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà fi kan ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.