Ọmọ Ṣàgámù Tó Ń Fi Kóòdù Tan Àgbà

Ẹni tó bá ń lọ kí bàbá àfẹ́sọ́nà ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó yáa fi ahọ́n ẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ẹ gbà mí gbọ́.

Lásúnkànmí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti Ṣàgámù dé Ìpẹ̀rú, lẹ́yìn ọ̀kadà, ló ti ń dánra wò: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Áàpù orí fóònù ni mò ń ṣe." Iṣẹ́ yìí ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀ kọ́. Kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, ló ń kọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ojú á fi máa ta á. Kò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bọ́ kẹ́yìn, ti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló dùn ún jù. Oṣù mẹ́rin ló ti fi ṣe é. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yí ọkàn padà, òun náà sì ń tún un ṣe. Ìgbà tó yá, akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kò rí sójú rí pè é lórí fóònù: "Má ṣèyọnu mọ́, a ti rí ẹni tó bá wa ṣe é." Bùsọ́lá, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ́jọ́ náà.

Tíṣà Bánkọ́lé, bàbá Bùsọ́lá, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ní kó dìde, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú ẹ̀. Ọlọ́yàyà èèyàn ni bàbá. Kó tó ṣí ẹnu sọ ti iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n ti fa fóònù yọ.

"Wo áàpù tí èmi arúgbó ṣe! Fún ẹgbẹ́ wa ni, àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ọjọ́ ìpàdé, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mi ò kọ kóòdù kankan o! Wọ́n ti to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìka lásán ni wàá fi fa èyí tó o fẹ́ síbi tó o fẹ́. Ọ̀sán Sátidé kan péré ni mo fi parí ẹ̀."

Lásúnkànmí dá ṣíbí ìkọ́kọrẹ́ padà sínú abọ́.

"Ọmọkùnrin kan ní Ṣàgámù ló fi oṣù mẹ́rin tàn wá," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kóòdù, kóòdù, ariwo ẹ̀ nìyẹn. Gbájúẹ̀ ni! Olúwa ló yọ wá."

Ẹ ò rí nǹkan! Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Bùsọ́lá ń gbé abọ́ ẹja bọ̀ láti kíṣìnnì, ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ẹni tó ni oṣù mẹ́rin náà, àmọ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ bàbá òun ló ṣe é fún.

Bàbá na fóònù sí Lásúnkànmí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ń wá àléébù. Kí n má parọ́, ó ń gbàdúrà pé kí áàpù náà kọṣẹ́. Kò kọṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ geere. Ó tiẹ̀ dáa ju tiẹ̀ lọ, torí lẹ́tà inú ẹ̀ tóbi tó fún ojú àgbà, òun ò sì rántí ìyẹn rí. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Kí ló wá kù tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí?

"Ó dáa gan-an, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bùsọ́lá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìwọ náà ń ṣe ní Ṣàgámù. Akọ̀wé wa ló mọ orúkọ ọmọ yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ di kò-ṣeé-gbé-mì, kò-ṣeé-tu. Tó bá ní òun ni, ó ti di gbájúẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Tó bá ní òun ò tan ẹnikẹ́ni, ó ti pe àgbà ní òpùrọ́ nínú ilé wọn, nídìí oúnjẹ wọn. Ó wo ilẹ̀.

"Rárá, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ó kúkú sàn bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí, wọ́n sì bu ìkọ́kọrẹ́ kún tiẹ̀. "Má bá irú wọn rìn."

Bùsọ́lá gbé abọ́ ẹja kalẹ̀ sórí tábìlì. Kò wo ojú Lásúnkànmí. Ó padà sí kíṣìnnì, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.