Abẹ́rẹ́ Tí Àlàájì Kọ̀

“Ta ló ní kí wọ́n má fún yín ní abẹ́rẹ́?”

Dókítà Ọláṣẹ̀hìndé kò pariwo, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Jùbrílù ni ó ń wò. Jùbrílù ń wo ilẹ̀. Ràhámátù, ìyàwó Jùbrílù, wo àwọn méjèèjì títí, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

“Abẹ́rẹ́ wo nìyẹn, Dókítà?”

“Ẹ wò ó, mà. Nígbà tí inú ń run ọkọ yín, tí wọ́n sì ń rù, mo ní kí wọ́n lọ ya síkáànì inú. Mo ní kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀, dé kíndìnrín, dé gbogbo ibẹ̀. Tí wọ́n bá wá ya àwòrán, ibi tó dá ṣáṣá àti ibi tí nǹkan ń ṣe á yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n yà yìí, wọn ò fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà. Gbogbo ẹ̀ jọra lójú mi. Mi ò lè sọ pé nǹkan wà níbẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kò sí.”

Ràhámátù yí sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Báàkì, ṣebí ẹ ní àwòrán ti jáde, pé kò sí nǹkan kan?”

Jùbrílù fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. “Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n má gbà á.”

Ẹ̀gbọ́n yẹn ni Àlàájì Sàlàhúdíìnì. Òun ló tọ́ Jùbrílù dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú. Òun ló kọ́ ọ lówò àdìrẹ, òun ló gba ṣọ́ọ̀bù fún un ní Ìtòkú, òun náà ló lọ tọrọ Ràhámátù fún un. Bí Àlàájì bá ń sọ̀rọ̀, Jùbrílù kì í yanu. Jùbrílù ti di bàbá ọmọ, ewú ti yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ Àlàájì ló ń sọ aṣọ tí yóò tà àti ilé ìwé tí Báàkì, ọmọ rẹ̀, yóò lọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó dáa náà. Ṣùgbọ́n inú tó ń run Jùbrílù, ṣé Àlàájì ló ń bá a run ni?

Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni wọ́n lọ ya síkáànì náà ní Kútọ̀. Ràhámátù fẹ́ tẹ̀ lé wọn, Àlàájì ní kí ló kan obìnrin níbẹ̀, kó lọ jókòó ti ọjà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ gbé abẹ́rẹ́ dé, Àlàájì ló dáhùn. Ó ní àbúrò òun ń gba ààwẹ̀, oògùn kankan kò gbọdọ̀ wọ iṣan rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó ní rárá, àwòrán ni àwòrán ń jẹ́, kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá yà á bẹ́ẹ̀.

Àlàájì wá délé, ó sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹ̀rọ ti wo inú Jùbrílù látòkèdélẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ni wọ́n bá dojú kọ Ràhámátù. Wọ́n ní ata rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìyàwó Àlàájì sọ ọ́ sí i létí pé ọkùnrin tí kò nísinmi nínú ilé kò lè sanra. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ràhámátù sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó dín ata kù. Ó ń yọ́ rìn nínú ilé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ń gbẹ lọ.

“Dókítà, a máa lọ yà á lónìí,” ni Ràhámátù wí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò kíndìnrín tí wọ́n ṣe láàárọ̀ dára, wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ rárá. Tó bá jẹ́ nǹkan tó yẹ ká gé ni, ká bá a nígbà tó ṣì kéré.”

Wọ́n dé ẹnu géètì, Jùbrílù dúró. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ fún Ẹ̀gbọ́n.”

“Ká sọ kí ni fún wọn? Ṣé ikùn wọn ni?”

“Ìyá Báàkì, ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí n di opó ni?”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Jùbrílù tẹ nọ́ńbà Àlàájì. Ó gbé fóònù sétí.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá já wọn sí Kútọ̀, Àlàájì ti jókòó sínú ilé síkáànì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ràhámátù kúnlẹ̀ kí i, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò kanlẹ̀ dáadáa.

“Ẹ kú ìjókòó, Àlàájì.”

“Mo gbọ́ pé ìwọ àti dókítà ẹ tún fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. Kí lo fẹ́ fi ọmọ ìyá mi ṣe? Síkáànì tá a yà, kò ha tó?”

“Kò tó, Àlàájì. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan dá mọ̀ níbẹ̀.”

“Tí kò bá rí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan nìyẹn. O ti ń gbójú sí mi o.”

“Háà! Ẹ jẹ́ kí n gbójú lónìí!” Ràhámátù ti dìde dúró. “Ẹ ní ààwẹ̀ kò gbà á. Ọlọ́hun gbé ààwẹ̀ kúrò lọ́rùn aláìsàn, ọdọọdún ni wọ́n ń wàásù ẹ̀ fún wa! Ẹ ní àwòrán ni àwòrán ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sídìí àdìrẹ! Bí mo bá fi ẹ̀kọ láfún tí aró kì í mú ya ẹyẹ sára aṣọ funfun, tí mo gbé e fún oníbàárà kó tó wọ aró, ẹyẹ wo ló máa rí? Ẹyẹ wà níbẹ̀ o! Funfun lórí funfun ni. Ẹ gbé aṣọ tí kò tíì wọ aró wálé, ẹ ní kò sí ẹyẹ lára ẹ̀, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé èmi ni mò ń pa ọkọ mi! Ó tó gẹ́ẹ́!”

Àlàájì kò ka ìlẹ̀kẹ̀ mọ́.

“Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún bàbá wa kẹ́yìn,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Èmi ni mo bá wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò jí mọ́.”

Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe Ràhámátù. Ó lé àánú náà padà. Ẹ̀rù tó ń ba Àlàájì láti ọjọ́ náà, kí ló dé tó fi ń sọ ọ́ di òfin fún ẹlòmíì?

Ilẹ̀kùn ṣí. Máyọ̀wá, òṣìṣẹ́ tó ń ya síkáànì, yọjú. Ó dá wọn mọ̀. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ṣé ẹ máa gba abẹ́rẹ́ lónìí, àbí ká tún yà á bẹ́ẹ̀?”

“Kò ní gbà á,” ni Àlàájì wí.

“Wọ́n máa gbà á,” ni Ràhámátù wí.

Wọ́n tún jọ yanu láti sọ̀rọ̀. Jùbrílù di àga mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.”

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Àlàájì ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkàn Ràhámátù fò fún ayọ̀, ó yí sí Máyọ̀wá kíá. “Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín, ẹ gbé abẹ́rẹ́ náà...”

“Ìwọ náà, dákẹ́.”

Jùbrílù ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Apá náà ti tín-ín-rín. “Èmi ni inú ń run,” ni ó sọ fún Máyọ̀wá. “Ẹ fún mi.”

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn tì.

Inú bí Ràhámátù. Lẹ́yìn gbogbo ìjà tó jà, òun náà ni wọ́n ní kó dákẹ́! Ó jókòó, ó fi àga kan sáàárín òun àti Àlàájì.

“Ìyá Báàkì,” ni Àlàájì wí nígbà tó yá, “ṣé abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dunni?”

“Mi ò mọ̀, Àlàájì. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á sọ fún wa.”