Ọpọ́n Ìwẹ̀ Méjì

Ọmọ màlúù tí Duane gbé wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mí mọ́, yìnyín sì ti gan mọ́ ọn létí méjèèjì. Marlys, ìyàwó rẹ̀, pọn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọpọ́n ìwẹ̀, wọ́n gbé ẹran náà sí i, ó sì di orí rẹ̀ mú kó má baà mu omi. Ilé tó bá ń sin màlúù ní Nebraska mọ̀ pé bí abo bá bímọ sínú ìjì oṣù kẹta, balùwẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ onílé nìyẹn. Duane padà síta, nítorí abo mẹ́ta ṣì ń rọbí.

Rédíò ní ìjì kan ṣoṣo ló tẹ ẹsẹ̀ kan síbí, tó tẹ èkejì sí gúúsù. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Marlys gbádùn. Obìnrin tó ń fi rúlà wọn òjò dídì láràárọ̀ ni, tí kì í jẹ́ kí ojú ọ̀run sinmi. Báwo ni ìjì kan ṣe ń da yìnyín síbí, tó ń tu eruku ní Texas, tó tún ń gbé ààjà lọ sí Alabama, níbi tí Twyla àbúrò rẹ̀ ń gbé? Ó fi ọwọ́ kan di ẹran mú, ó fi èkejì tẹ fóònù.

"Twyla, báwo ni ọ̀hún ṣe rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo wà."

"O ń wẹ̀ nínú ìjì? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ta ló ń wẹ̀? Aṣọ wà lọ́rùn mi, mo dé àṣíborí alùpùpù, mo fi tìmùtìmù bo ẹ̀yìn. Fèrè ìkìlọ̀ ààjà ti ń ké. A ò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ibí la máa ń sá sí."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Marlys. "Ọmọ màlúù ló wà nínú tèmi."

"Ẹ ò ní pa mí lẹ́rìn-ín!"

"Dákun, àwọ̀ wo ni ojú ọ̀run ní?"

"Ẹ̀yin àti ìbéèrè! Ẹ jẹ́ n yọjú lójú fèrèsé... Àwọ̀ ewé ni. Àwọ̀ ewé gan-an, bíi ti ìgbà tí ààjà bá ń bọ̀. Ó mà ti dákẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n mi, kò sí..."

Fóònù kú.

Marlys pè é padà títí, kò wọlé. Ọmọ màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, ó ń ta omi sí i lójú, Marlys kò tilẹ̀ nù ún.

Duane yọjú. "Ó ti yè! Kí ló dé tó o fi ń sunkún?"

"Èmi ni mo ní kí Twyla dìde wo ojú ọ̀run, Duane. Ojúmìító mi yìí ni."

Duane jókòó tì í lórí ilẹ̀ balùwẹ̀ tòun ti bàtà tí yìnyín bò.

Ó tó wákàtí méjì kí fóònù tó dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Twyla! Ṣé nǹkan ò ṣe ẹ́?"

"Gíláàsì fèrèsé gé mi lápá, níbi tí mo ti ń bá yín wo àwọ̀. Mo ti dì í. Atẹ́gùn ti yí padà níbí, òtútù yín ti ń dé bá mi."

"Dárí jì mí. Jọ̀ọ́, má jáde níbẹ̀ títí àwọn adóòlà ẹ̀mí ó fi wá bá ẹ."

"Jáde kẹ̀? Inú ibo ni mo wà tí n ó ti jáde? Nínú gbogbo ilé, ọpọ́n yìí nìkan ló kù."