Àna Nínú Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ọsàn

Ọdún mọ́kànlá ni Anshel fi wa ọkọ̀ funfun kan tí kò ní àkọlé kankan lára. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń kó oúnjẹ Ṣábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, lọ sí ojúlé mẹ́rìndínlógójì ní àríwá Mánṣẹ́sítà: adìyẹ, ẹja, búrẹ́dì méjì tí wọ́n dì bí irun, àti àbẹ́là. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí nínú ìwé tó ń tẹ̀ lé, nọ́ńbà ilé nìkan ni. Àgbàlagbà tó fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ti kìlọ̀ fún un: "Kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, gbé páálí kalẹ̀, kí o kọjú sí títì. Ẹni tó ń fúnni kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ń gbà. Ẹni tó ń gbà kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó fún un. Ìwọ tí o wà láàárín, o ò mọ nǹkan kan."

Iṣẹ́ tí èèyàn ò ti ní láti mọ nǹkan kan bá Anshel lára mu. Ìwé tó kà kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní ọ́fíìsì, àyà rẹ̀ á ti já kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ilé kan ṣoṣo ni kì í ti í kọjú sí títì. Ojúlé kọkànlélógójì, Òpópó Marlby, ilé Ìyáàfin Reitzer, opó.

"Anshel, wo fìlà orí rẹ! Ó dà bí ìgbà tí ológbò sùn sínú rẹ̀."

"Ó... ó sùn síbẹ̀ lóòótọ́, mà."

Obìnrin náà á bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà ni. Ìṣẹ́jú méjì, bó bá pẹ́ tán, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá Anshel ti kú, kò sí ẹlòmíì tó ń pe orúkọ rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ kan sí èkejì, àfi ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ló ti gbọ́ pé Blimi, àbíkẹ́yìn ìyá náà, ti rí ọkọ.

"Ọmọ Tannenhaus ni, àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n, Anshel..." Ó fọwọ́ kan páálí. "Wọn ò mọ̀ nípa èyí o. Wọ́n rò pé ohun tí bàbá Blimi fi sílẹ̀ là ń jẹ. Ojú àna kì í ṣe ojú eré. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí wọ́n mọ ohun tó bá wù wọ́n."

"N kò mọ nǹkan kan, mà," ni Anshel wí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò tilẹ̀ ní ẹni tí ì bá sọ ọ́ fún.

Oṣù yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó ń pín oúnjẹ náà mú Dassi wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́bìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. "Àwọn tó ń fún wa lówó ń kú tán lọ," ló ní. "Àwọn ọmọ wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé. Páálí aláìlórúkọ, ọkọ̀ aláìlórúkọ. Ta ní fẹ́ fún iwin lówó?"

Kò purọ́. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ààbọ̀ adìyẹ ni wọ́n ń dì sínú páálí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, ìyẹn Ẹgbẹ́ Oúnjẹ Ṣábáàtì fún Aláìní, wọ́n sọ ọ́ di Tábìlì Wa. Wọ́n kun ọkọ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ó ń tàn yòò bí ẹ̀wù àwọn tó ń tún títì ṣe. Wọ́n rán jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà fún Anshel. Ìwé tó ń tẹ̀ lé di fóònù fífẹ̀ kan tí nọ́ńbà àwọn ilé wà lójú rẹ̀. Dassi sì ní láti ìsinsìnyí lọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fúnni á máa bá awakọ̀ jáde, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọrẹ rẹ̀ ń lọ.

Anshel nawọ́. Gbogbo ojú yí sí i.

"Àwọn... àwọn tó ń gbà á..."

"Ẹ máa sọ, Ọ̀gbẹ́ni Anshel."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ṣé ẹ ní èyí tó tóbi jù ú lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dassi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Tannenhaus, bàbá ọkọ Blimi, fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọ inú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá awakọ̀! Ìyàwó mi ní kí n má gbé ẹrù wúwo. Mo ní, kí wá ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, kí n máa kọrin?"

Èèyàn dáadáa ni lóòótọ́. Páálí méjì méjì ló ń gbé. Ní ojúlé kẹta, aṣọ fèrèsé mì, ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn. "Bóyá wọ́n ti jáde," ni Tannenhaus wí. Anshel ń wo aṣọ fèrèsé náà. Gbogbo ìgbà tó yẹ kó yà sí Marlby ló ń yà síbòmíràn, títí ibòmíràn fi tán.

Tannenhaus na ìka sójú fóònù. "Ó ku ẹyọ kan. Kọkànlélógójì, Òpópó Marlby. Háà! Òpópó àna wa nìyẹn! Ìyá ìyàwó ọmọ mi ń gbé ibẹ̀, àwọn obìnrin ilé mi ló máa ń lọ, n ò ṣáà mọ ojúlé. Ẹ jẹ́ ká gbé èyí fún ẹni tó ni ín, ká yà kí i."

Anshel kò tíì ṣíná sọ́kọ̀.

"Ilé yẹn..."

"Kí ló ṣe é?"

"Wọn ò gbà á mọ́."

"Wọn ò gbà á mọ́ kẹ̀?"

"Nǹkan ti... nǹkan ti ṣẹnuure fún wọn. Wọ́n ní ká má gbé e wá mọ́."

Ojú Tannenhaus tàn. "Ẹ ò rí i! Ohun tí à ń gbàdúrà fún nìyí!" Kí Anshel tó nawọ́, ó ti tẹ ojú fóònù náà. Nọ́ńbà kọkànlélógójì kúrò níbẹ̀.

"Ó yẹ kí n yà kí àna mi ṣá," ni Tannenhaus tún wí.

"Wọ́n... wọ́n ń retí ọkọ̀ ní ọ́fíìsì."

"Ó dáa. N ò tilẹ̀ ra òdòdó. A kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo."

Kò sí ọ̀nà míì padà ju ẹnu Marlby lọ. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, Anshel rí Ìyáàfin Reitzer, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn, ó ń retí. Tannenhaus kọjú sí apá kejì títì, ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọdé. Obìnrin náà rí ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn pa dé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Anshel tọ Dassi lọ. Bí wọ́n bá yọ ilé kan ńkọ́, báwo ló ṣe lè padà?

"Ó rọrùn. Kí ẹni náà kọ orúkọ rẹ̀, kó sọ ìdí tí nǹkan fi le, kó mú ẹlẹ́rìí méjì wá. Ìgbìmọ̀ á kà á. Ọ̀gbẹ́ni Tannenhaus náà ti wọ ìgbìmọ̀ lánàá, iṣẹ́ yín ló wú u lórí! Ilé wo ni?"

"Kò sí," ni Anshel wí. "Mo kàn ń bèèrè ni."

Ó gbé páálí tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó kó gbogbo ohun inú rẹ̀ sínú àpò dúdú tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀yìnkùlé Ìyáàfin Reitzer. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Anshel ni, mà."

Ilẹ̀kùn kò ṣí. "Ṣé ìwọ nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Mo rí i lánàá. Ó jókòó tì ọ́ bí ọ̀rẹ́. Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Mo ní ẹ ò... mo ní ẹ ò gbà á mọ́."

"Wọ́n ti yọ mí nìyẹn."

"Oúnjẹ á máa wá, mà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Kò sọ oúnjẹ ta ni. Obìnrin náà kò bèèrè.

"O ṣeun, Anshel. Ṣùgbọ́n má kan ilẹ̀kùn mọ́. Gbé e kọ́ irin ilẹ̀kùn yẹn, kí o máa lọ. Àwọn ará ilé wọn ń wá wo Blimi nígbàkúùgbà."

"Títí di ìgbéyàwó ni, mà?"

"Títí di ìgbà tí mo bá lè wò ọ́ lójú."

Anshel dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń tọ́jú fún un láti Ọjọ́ Ajé: bó ṣe gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, bó ṣe gba fèrèsé ilé ìdáná wọlé, tí ìdí rẹ̀ há, tí aládùúgbò sì pe ọlọ́pàá sí i. Ó ti tò ó dáadáa kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó gbé àpò náà kọ́ irin, ó yí padà.

Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò pa á lẹ́rìn-ín.