Ẹ̀rọ Ní Òun Ò Rí I

Dọlápọ̀ fẹ́ràn kí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúyẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré tí Alhaja Serifat fẹ́ fi máa ka iye bébà lẹ́nu ẹ̀rọ ìgéwèé rẹ̀ ní Ṣómólú kò ní àyè púpọ̀, láíbìrì C tó kéré jù lọ, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí ètò máa ń pè lò, ni Dọlápọ̀ àti Fuad, àbúrò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sì fi ṣe ètò náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ṣe é nínú yàrá wọn ní Ladi-Lak. Fuad di láíbìrì mọ́ inú ètò tirẹ̀, kó má baà tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀rọ kankan. Dọlápọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa yá láíbìrì lò níbi tó bá dé.

"Fuad, ẹrù yìí mà pọ̀ o! Ṣé ò ń kó kúrò nílé ni?" ni Dọlápọ̀ fi ètò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ètò ti Dọlápọ̀ ṣiṣẹ́ geere lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ní kí Fuad dà á sórí kọ̀ǹpútà Alhaja.

Ní Ṣómólú, níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé Alhaja, kọ̀ǹpútà náà kọ̀. Ó ní òun ò rí ètò kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ti Dọlápọ̀, ó sì wá ẹni tí yóò bá a gbé ìtìjú náà.

"Fuad! Mi ò ní kó o copy ẹ ni? O kì í fọkàn síṣẹ́!"

"Àǹtí, mo copy ẹ."

"Irọ́ lò ń pa!"

Àwọn tó ń to bébà dáwọ́ dúró.

Dọlápọ̀ jókòó, ó wo inú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ètò náà wà níbẹ̀ gbọnin. Láíbìrì tí yóò yá lò ni kò sí, bí ẹ̀rọ sì ṣe máa ń dáhùn nìyẹn bí láíbìrì bá ti sọnù. Ó pẹ́ tó ti fi láíbìrì náà sórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló sì ti dán ètò wò. Ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Kò mọ ibi tí yóò fojú sí.

Fuad da ètò ẹlẹ́rù tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ káre!" ni Alhaja wí fún Dọlápọ̀. "Ẹ mà bá a wí dáadáa. Ẹ ò rí i bó ṣe wá ṣe é bó ṣe yẹ?"

Fuad ń ká wáyà, kò gbójú sókè. Oríyìn yẹn dun Dọlápọ̀ ju èébú lọ.

"Alhaja, ẹ̀bi mi ni," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n ti tan ẹ̀rọ ìgéwèé, ariwo gba gbogbo ilé.

"Kí lẹ wí?"

Nígbà tó ń fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Dọlápọ̀ dìde, ó lanu, ó pariwo.

"Mo ní Fuad ò ṣẹ̀! Èmi ni mi ò dán tèmi wò dáadáa! Ètò tiẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yìí!"

Àwọn tó ń to bébà tún dáwọ́ dúró. Fuad ká wáyà tán.

"Àǹtí, ẹ bá mi ṣí ẹnu báàgì, kí n kó wáyà sí i."

Ọwọ́ méjèèjì ni Dọlápọ̀ fi ṣí i.